Pépà kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká kọ: kí la fẹ́ kí ìjọba ṣe lórí fíríìsà, sólà àti iná ìdáná?

ÌyáẸlẹ́ja_Sábó

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣàgámù níbí, títùs, kọ̀tẹ̀, ṣáwá, pánlá, fíríìsà ńlá mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi náà ni wọ́n tún fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ torí wọ́n ní ọwọ́ mi yá lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ará ìjọba pè wá sí ìpàdé kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ran àwa oníṣòwò lọ́wọ́ ká lè bọ́ lọ́wọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀, ká lọ kọ ohun tá a bá fẹ́ sí pépà kan ká mú un padà wá ní Tọ́sìdeè. Pépà kan o, kò gbọdọ̀ lé.

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tán tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ wa ní kí wọ́n fún oníkálukú ní sólà lọ́fẹ̀ẹ́ kó gbé tiẹ̀ lọ sílé. Àwọn kan ní owó ni kí wọ́n kó fún wa, a mọ ohun tá a máa fi ṣe. Màmá kan tó ti wà lọ́jà kí wọ́n tó bí mi ní kí wọ́n ṣáà bá wa dín owó iná kù, òun ò bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Èmi ò mọ èwo ni kí n kọ, torí ojú mi ti rí ọ̀fẹ́ rí. Wọ́n gbé fíríìsà sólà kan wá fún ẹgbẹ́ wa nígbà kan, a jó, a ya fọ́tò, kò pé oṣù mẹ́fà tí bátìrì ẹ̀ kú, nọ́ńbà tí wọ́n fún wa ò lọ mọ́, aṣọ ẹgbẹ́ la ń kó sínú ẹ̀ báyìí. Mi ò purọ́. Ẹ wá sí Sábó ẹ wá wò ó.

Iná ìjọba náà sì rèé. Band A ni wọ́n kọ wá sí. Láti April 2024 tí wọ́n ti gbé yúníìtì kan láti 68 náírà lọ sí 225 lójú ọjọ́ kan, ṣe ló dà bí ẹni pé fíríìsà gan-an ló ń jẹ ẹja yẹn lóru. Wọ́n ní wákàtí 20 ni iná Band A lójúmọ́, ó dáa, wákàtí mẹ́rin tó kù ńkọ́, ṣé màá sọ fún títùs pé kó mú sùúrù ni?

Ìbéèrè mi ni pé àwọn ìlú tí ìjọba wọn ti ṣe irú nǹkan báyìí rí, kí ni wọ́n ṣe tó dúró, kí ni wọ́n ṣe tó wó? Ẹ má wá sọ fún mi níbí pé ìjọba Nàìjíríà ò lè ṣe nǹkan kan, ìyẹn mo ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ọkọ mi.

ỌmọMákùn_Belfast

Ẹ kú ọjà o, Mà. Ọmọ Mákùn ni mí, Belfast ní Northern Ireland ni mo ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà níbí tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbé bírò.

Ọ̀dọ̀ wa níbí kì í ṣe yìnyín là ń wá, ooru ni. Tó bá di December tí o ò tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tìwọ taṣọ òtútù lẹ máa jọ sùn. Epo àti gáàsì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgbà tó di 2012 ìjọba Northern Ireland ní, ẹ̀yin oníléeṣẹ́ àti àgbẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ epo tì, ẹ ra èyí tó ń jó ègé igi wẹ́wẹ́, a máa sanwó fún yín lórí gbogbo ooru tẹ́ ẹ bá mú jáde, 20 ọdún gbáko la ó fi máa san án. Ó dùn létí. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n ń san ju owó igi lọ, wọn ò sì dá a dúró síbì kankan pé bó bá ti dé báyìí ó tó. O ra igi £1, o gba nǹkan bíi £1.60. Ta ló máa wá pa iná? Àwọn èèyàn ń dáná tọ̀sán-tòru, wọ́n tiẹ̀ fẹ̀sùn kan àgbẹ̀ kan pé ahéré tí kò sí ẹran kò sí èèyàn nínú ẹ̀ ló ń mú gbóná. Owó eérú ni àwọn ará ibí sọ ọ́ lórúkọ. February 2016 ni wọ́n tì í pa, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, nígbà tó fi máa di January 2017 Martin McGuinness tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ dàrú, ọdún mẹ́ta ni Northern Ireland fi wà láìní ìjọba tiẹ̀. January 2020 ni wọ́n tó padà. Ìdáná, Mà. Ìdáná lásán.

England ní irú ètò yìí kan náà, àwọn ló tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2011, ṣùgbọ́n tiwọn ní gbèdéke. Ẹ̀rọ igi kékeré tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 1,314 lọ́dún, owó tí wọ́n ń san lé e á já wálẹ̀ wìì, kò sí èrè nínú kéèyàn máa dáná fún iwin mọ́. Ní báyìí, ní ti àwọn onílé, wọ́n ti pa sísan díẹ̀díẹ̀ yẹn tì, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó ẹ̀rọ, £7,500 lórí heat pump láti October 2023. Heat pump yìí, fíríìjì tí wọ́n kọjú ẹ̀ sódì ni. Bí fíríìsà yín ṣe ń fa ooru jáde lára ẹja ló ṣe ń fa ooru láti ìta wọnú ilé, tìyanutìyanu ló fi ń ṣe é kódà nígbà tí yìnyín bá wà nílẹ̀.

Nítorí náà, Mà, ẹ má kọ pé kí wọ́n máa sanwó lórí bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Kí wọ́n yọ ọ́ lára owó ọjà níbẹ̀rẹ̀, kó sì ní iye.

Tíṣà_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n Belfast ti sọ èyí tó wó, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dúró. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ dárí jì mí tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

Barbados, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Caribbean, oòrùn wọn ò ju tiwa lọ. Ní 1974 nígbà tí epo wọ́n gógó káàkiri ayé, ìjọba wọn yọ owó bódè kúrò lórí ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ tí oòrùn fi ń se omi ìwẹ̀, wọ́n sì bu owó orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé èyí tó ń lo iná. Ẹ wò ó, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́fẹ̀ẹ́ o. Wọ́n mú kí ọ̀kan dínwó, wọ́n mú kí èkejì gbówó lórí, ọjà ṣe ìyókù. Ísírẹ́lì ní tiwọn fi òfin ṣe é, 1980, o ò gbọdọ̀ kọ́ ilé tuntun láìsí ẹ̀rọ oòrùn tó ń se omi lórí òrùlé. Ó ti wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn ò kà á sí nǹkan bàbàrà.

Ṣùgbọ́n èyí tó jọ tiyín jù ni Tùnísíà. Ìṣòro wọn ni pé owó ẹ̀rọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tálákà ò lè kó o sílẹ̀. Ní 2005 wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní PROSOL, ìjọba san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ, báńkì yá oníbàárà ní ìyókù, iléeṣẹ́ iná wá ń yọ owó báńkì díẹ̀díẹ̀ lórí bíìlì iná fún ọdún márùn-ún. Tóò, ẹ̀yin ará, òṣómàáló ni wọ́n ṣe! Òṣómàáló tí ìjọba dúró fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, tí o ò bá san bíìlì wọn á já iná ẹ.

Ohun kan ṣì wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ má baà kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Owó bódè lórí pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, Àbújá ló ni ín. VAT ìdá 7.5 náà, Àbújá ni. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ò lè yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ kì í tó. Ṣùgbọ́n láti 2023 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin iná tuntun, ìpínlẹ̀ lágbára lórí iná tiẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè sọ pé gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tuntun láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ fi oòrùn se omi ìwẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè dúró fún kóópù yín ní báńkì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Ajé_Ìjẹ̀bú

Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, ẹ fi Ojúde Ọba ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ kẹta Ìléyá, gbogbo yàrá ní Ìjẹ̀bú-Òde ti kún, hítà lókè, éásí nísàlẹ̀, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń pariwo ju ìlù lọ. Mo sùn ní ọ̀kan lọ́dún kan, omi gbígbóná ò sí, wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì ti tán, oòrùn sì wà níta tó lè din àkàrà.

BàbáKọ́ńpúrẹ́sọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òkè òkun, kò sẹ́ni tó bi Ìyá Ẹlẹ́ja léèrè pé báwo ni ìdérí fíríìsà wọn ṣe rí.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe ní Rẹ́mọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú igba náírà, bébà kan, ẹ fi há etí fíríìsà kí ìdajì ẹ̀ wà níta, ẹ pa ìdérí dé, ẹ wá fa owó náà. Tó bá dì í mú, tó ń bá yín jà, rọ́bà ṣì dáa. Tó bá yọ́ jáde wẹ́rẹ́, atẹ́gùn gbígbóná ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ò ní sinmi, owó iná tẹ́ ẹ ń pariwo yẹn ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Ẹ ṣe é yí ká o, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí igun ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ irin ìdérí ló máa ń kọ́kọ́ kú. Sólà tẹ́ ẹ bá wá gbé lé irú fíríìsà bẹ́ẹ̀, omi lẹ ń pọn sínú agbọ̀n.

Bátìrì. Ẹni tó bá fún ẹlẹ́ja ní sólà tó ń ti bátìrì, ó fún un ní gbèsè, torí bátìrì máa kú, ọdún ló kàn ń ṣírò. Ẹ lọ wo àwọn fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń lò láwọn ilé ìwòsàn abúlé káàkiri ayé, púpọ̀ nínú wọn kò ní bátìrì mọ́, pánẹ́ẹ̀lì so mọ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tààrà, oòrùn bá ràn ó di yìnyín sára ògiri inú ẹ̀, alẹ́ bá lẹ́ yìnyín yẹn ló ń ṣọ́ abẹ́rẹ́. Yìnyín ni bátìrì wọn. Tẹja yàtọ̀ díẹ̀ torí yìnyín omi lásán òdo ló ti ń yọ́, ẹja yín á ti rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi iyọ̀ lẹ máa lò. Iyọ̀ kílò méjì sí omi lítà mẹ́jọ, ẹ rò ó kó yọ́ tán, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má kún un dẹ́nu torí ó máa wú, ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ fíríìsà. Ní bíi dígírì -16 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí dì, tó bá sì ń yọ́, kò ní gbóná ju ibẹ̀ lọ kó tó yọ́ tán. Iná bá lọ, ẹ má ṣí ìdérí, ẹ lọ sùn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àlòkù. Gánà ṣòfin ní 2008 pé fíríìjì àlòkù ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mú un ṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kàn ti ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé ògbólógbòó tiẹ̀ wá nígbà náà, wọ́n ń dín owó tuntun kù fún un. Èyí ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, tèmi nìyí, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́. Ní Kigali, ní Rwanda, lọ́dún 2016 gbogbo ayé fẹnu kò pé kí wọ́n máa dín gáàsì fíríìjì bíi R134a kù, kílò kan ẹ̀ tó bá lọ sáfẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná ju kílò 1,000 èéfín carbon dioxide lọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2018. Gáàsì tó ń rọ́pò ẹ̀, R600a, R290, ó ń gbaná, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni òun àti gáàsì ìdáná. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi iná jó páìpù láìtíì kó gáàsì yẹn kúrò, ẹ ti mọ ìyókù. Kí wọ́n kọ́ àwa oníṣẹ́, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ tí a fi ń kó gáàsì padà sínú sílíńdà.

ÌyáẸlẹ́ja_Sábó

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pa mí lẹ́kún. Mẹ́ta nínú fíríìsà mẹ́rin mi, tòkunbọ̀ ni. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àlòkù lónìí, ta ló lówó tuntun? Àwọn aláìní ni òfin yẹn máa kọ́kọ́ lù, ẹ má bínú. Àfi tí ìdín owó bá kọ́kọ́ délẹ̀ kí òfin tó dé.

BàbáKọ́ńpúrẹ́sọ̀

Òótọ́ lẹ sọ. Kí owó ṣáájú òfin. Mo gbà.

Ọmọ_Alátà

Ẹ má gbàgbé àwa tí a kì í ta nǹkan dídì. Tòmátì, ata, ẹ̀fọ́ ò fẹ́ yìnyín, ìtutù ni wọ́n fẹ́. ColdHubs wà ní Òwèrè tó ń ṣe yàrá tútù tó ń lo sólà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àti oko, oníṣòwò kò ní ra nǹkan kan, iye kéréètì tó bá gbé wọlé ló máa sanwó ẹ̀ lójúmọ́, ọjọ́ tí o ò bá gbé nǹkan wá o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tó ni yàrá ló ń tún un ṣe. Tí ìjọba bá lè fún irú wọn ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní Ìlíṣàn tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyẹn gan-an tó, kò pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ kan owó.

ỌmọOnígàárì_Igbó

Ẹ̀yin èèyàn Rẹ́mọ, ẹ ti gbé gbogbo pépà fún ẹja. Àwa tí ooru jẹ́ iṣẹ́ wa ńkọ́?

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi, gàárì ni màmá mi fi tọ́ wa. Ẹ mọ gàárì Ìjẹ̀bú, kì í ṣe èyí tí wọ́n rẹ lónìí tí wọ́n din lọ́la, ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń kan kí wọ́n tó tẹ omi ẹ̀ jáde. Ìyẹn gan-an ò le. Agbada ló le. Màmá mi jókòó tì í láti aago méje àárọ̀, àfọ́kù igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú kan dì, ojú kejì ṣí torí èéfín, ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún wọn dúdú ju ti òsì lọ títí dòní torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń kọjú sí iná. Owó igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó ẹ̀gẹ́ dọ́gba. Ẹnì kan wá ní ọjọ́ kan ní kí wọ́n fi oòrùn din gàárì. Màmá mi ní kó kọ́kọ́ fi din tiẹ̀ kí àwọn wò. Oòrùn á sá lààfún fún ẹ, á se omi ìwẹ̀ fún ẹ, ṣùgbọ́n agbada fẹ́ iná tó ń bínú.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n Belfast ni pé ègé igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jó lọ́dọ̀ yín yẹn, ṣé kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni?

ỌmọMákùn_Belfast

Òun náà ni o! Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ fún un pọ̀ kó le bí oúnjẹ adìyẹ. Kì í ṣe igi ọ̀tọ̀.

ỌmọOnígàárì_Igbó

Mo mọ̀! Sọ́míìlì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹ̀fun pákó wọn ń ga bí òkè lẹ́bàá títì, wọ́n ń dáná sun ún lásán, èéfín ẹ̀ ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Ohun tí màmá mi ń jẹ gbèsè lé lórí ni wọ́n ń sun dànù yẹn. Tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó ń fún un pọ̀ fún àwọn oníṣọ́míìlì, tí wọ́n sì bá àwọn onígàárì mọ àdògán tó ní ihò èéfín tó gba orí òrùlé jáde, iṣẹ́ parí. Àti pé kí wọ́n rántí gbèdéke tí England fi sí i o, ká má baà bẹ̀rẹ̀ sí gé igi tútù láti fi ṣe ìyẹ̀fun.

Tíṣà_Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ yìí ti gbà á. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ fi tiẹ̀ sí i.

ÌyáẸlẹ́ja_Sábó

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti kọ ọ́, ó ku kí ìyá ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Mi ò bẹ̀bẹ̀ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ rárá, wọn á bínú sí mi lọ́jà ṣùgbọ́n wọn á gbà tó bá yá, màá ní kí wọ́n wá ṣí fíríìsà aṣọ yẹn wò. Ohun tí mo kọ ni pé kí ìpínlẹ̀ dúró fún kóópù wa ní báńkì, kí wọ́n san díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ká máa san ìyókù lóṣooṣù bí òṣómàáló Tùnísíà, sólà tí kò ní bátìrì, ẹni tó bá tà á fún wa ni kó máa tún un ṣe fún ọdún márùn-ún, orúkọ ẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní Ṣàgámù níbí, kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Mo fi kíkọ́ àwọn oníṣẹ́ fíríìjì sí i, Bàbá, mo ti kọ ọ́. Ìyẹ̀fun pákó àti ilẹ̀ yàrá ìtutù, ẹ̀yìn pépà ni mo kọ wọ́n sí, wọn ò sọ pé a ò gbọdọ̀ lo ẹ̀yìn.

Ní ti igba náírà, mo ṣe é lánàá. Fíríìsà àkọ́kọ́ dì í mú. Ìkejì dì í mú. Ìkẹta, igun ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́, mi ò tíì fà á tán tó ti já bọ́ sílẹ̀. Ìkẹrin, èyí tí mo rà ní tuntun, tí mo fi ń yangàn, owó ò tiẹ̀ dúró, ṣe ló kọjá lọ sínú, ó bọ́ sáàárín kọ̀tẹ̀. Bàbá, èló ni rọ́bà?

BàbáKọ́ńpúrẹ́sọ̀

Ẹ wọn gígùn ẹ̀ àti ìbú ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí wọ́n gé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fún yín o.